Ará Ni Wá, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìdílé wọn sọ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú erùpẹ̀. Mo mọ̀ pé sìmẹ́ńtì ṣì wà lábẹ́ èékánná àwọn kan nínú yín báyìí, torí pé iṣẹ́ àná kò parí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó wa pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀yin lẹ máa ń dá a lóhùn nígbà tí onílé bá wá kan ilẹ̀kùn láago mẹ́fà òwúrọ̀ pé níbo ni ọkọ yín wà, níbo ni owó òun wà.

Bíríkìlà ni mí kí n tó di agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, òun náà ni ọ̀rọ̀ ìwé. Nínú ìjọ wa, bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ilé fún ará, tí ará yẹn sì ní kí wọ́n jọ kọ àdéhùn sílẹ̀, ojú tí wọ́n á fi wò ó á yí padà. Wọ́n á ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?” Ojú á ti ará náà. Á ní kò sí wàhálà, á gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, àwọn méjèèjì kò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́. Mo ti rí i ju ìgbà mẹ́ta lọ, mo sì wà nínú ọ̀kan fúnra mi.

Bí ẹ bá délé, ẹ ka ìwé Jeremáyà orí 32. Ogun ti yí Jerúsálẹ́mù ká, wòlíì wà ní àhámọ́, Hánámélì sì wá bá a pé kó ra oko òun ní Ánátótì. Ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ni Hánámélì, ẹbí gidi ni. Olúwa fúnra rẹ̀ ti sọ fún Jeremáyà ṣáájú pé ọkùnrin náà ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó lè sọ pé Ọlọ́run ti bá òun sọ̀rọ̀, ìwé kò wúlò, Jeremáyà ni. Síbẹ̀, ó wọn ṣékélì fàdákà 17 lórí òṣùwọ̀n, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni ìwé náà, ọ̀kan tí a dì, ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó wá ní kí Bárúkù kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Iye owó wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ẹ̀dà méjì wà níbẹ̀, ibi ìpamọ́ wà níbẹ̀. Lọ́yà wo ló máa bá yín sọ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní 2023, alàgbà kan gbé iṣẹ́ ilé oníyàrá mẹ́ta fún mi. Lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ la sọ ọ́, nídìí mọ́tò rẹ̀. Ó dárúkọ iye kan, mo dárúkọ tèmi, a pàdé láàárín, ó gbàdúrà, mo ṣe àmín. Àdéhùn wa nìyẹn. Nígbà tí ògiri ti ga dé orí fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ wá sójú iṣẹ́, ó ní ká sún ilé ìdáná síta díẹ̀. Mo sún un. Wọ́n tún ní ká fi yàrá àlejò kan kún ẹ̀yìn. Mo fi kún un. Kò sí ẹni tó sọ iye tí èyí máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦5,000 ní ìparí 2023 ti kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀ nígbà tó fi di Fẹ́búárì 2024. Owó tán lọ́wọ́ mi, òrùlé ò tíì gòkè. Mo lọ bá alàgbà. Ó ní iye tí a sọ ni a sọ, àti pé yàrá ẹ̀yìn yẹn wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kò sí níbẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, mi ò rò pé ẹnì kankan purọ́. Ohun tí oníkálukú rántí ló ń sọ.

Òfin ilẹ̀ wa kò sọ pé àdéhùn ẹnu lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í ṣe àdéhùn. Àdéhùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní “báyìí la wí” ni ilé ẹjọ́ máa ní kó mú ẹ̀rí wá, ìdí mọ́tò kò sì lè jẹ́rìí. Nítorí náà, kí ẹ tó ta okùn sórí ilẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ àti ẹni tó gba iṣẹ́. Ẹ kọ irú ilé tó jẹ́, kí ẹ so àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ iye owó, ẹ kọ ẹni tó máa ra ohun èlò, ẹ kọ iye tí wọ́n máa san nígbà tí ìpìlẹ̀ bá parí, nígbà tí ẹ bá da dẹ́kìn, nígbà tí òrùlé bá gòkè. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe bí ọjà bá wọ́n sí i. Gbólóhùn kan péré lèyí, pé bí iye sìmẹ́ńtì tàbí irin bá kọjá báyìí, ẹ ó jọ tún un ṣírò. Òun ni ì bá gbà mí sílẹ̀. Bí onílé bá fẹ́ dá díẹ̀ dúró nínú owó yín títí òjò ọdún kan á fi rọ̀ sórí òrùlé náà, kò burú, àṣà iṣẹ́ ni. Àmọ́ ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa san án, torí mo mọ agbaṣẹ́ṣe kan tó ti ń dúró de irú owó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní ti iṣẹ́ àfikún, ẹ má gbé bulọ́ọ̀kù kan lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní, “Màmá, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.” Bí ẹ bá fi tẹlifóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, tí wọ́n sì dáhùn pé ó dára, ohun tó dúró ni. Láti 2011 ni Òfin Ẹ̀rí ti gba kí ilé ẹjọ́ wo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù, bí a bá tẹ̀lé ìlànà tó wà nínú abala 84. Nítorí náà, ẹ má pa irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ rẹ́ nítorí pé fóònù kún. Ẹ pa fídíò apanilẹ́rìn-ín rẹ́.

Bó bá wá jẹ́ ìjọ ló gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ ṣọ́ra sí i. Pásítọ̀ tó pè yín lè jẹ́ ènìyàn Ọlọ́run pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka míràn lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹni tó gba ipò rẹ̀ sì ní òun ò mọ nǹkan kan nípa gbèsè. Àwọn àgbàtọ́jú ìjọ tí orúkọ wọn wà nínú ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọ. Lórúkọ wọn ni kí ẹ ti kọ àdéhùn náà, kí ẹni tí wọ́n yàn sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ta ìjọ lọ́rẹ nínú owó yín, ẹ kọ iye tí ẹ fi tọrẹ sílẹ̀, kí ìyókù jẹ́ owó iṣẹ́. Ọrẹ tí wọ́n fi àìsanwó sọ ọ́ di dandan, mi ò mọ irú ọrẹ tí ìyẹn jẹ́.

Ẹ tún ronú nípa orúkọ tí ẹ fi ń gba iṣẹ́. Bí ẹ bá kàn forúkọ òwò sílẹ̀, gbèsè òwò náà gbèsè yín ni, ó lè wọlé wá bá àga àti bẹ́ẹ̀dì. Iléeṣẹ́ tó ní ààlà gbèsè yàtọ̀, òfin iléeṣẹ́ ti 2020 sì ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ PE ỌLỌ́PÀÁ

Ọ̀rọ̀ èmi àti alàgbà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ rẹ̀ ló lọ pè wọ́n. Wọ́n fi mí jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ìwé síwájú mi pé kí n kọ ọ́ pé màá dá owó padà lọ́sẹ̀ méjì. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo kọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò sì mọ nǹkan tí òfin wí.

Ohun tí òfin wí nìyí. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, sọ pé kí wọ́n má ṣe mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ tàbí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lọ sí ilé ẹjọ́ láàárín ẹni méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ti wà nínú òfin ìṣẹ̀jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ láti 2015. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Bí wọ́n bá mú yín, abala 35 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tí ẹ bá yàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ mú ìwé àdéhùn dání lọ, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀?” Ẹ pe lọ́yà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ohun tí kò kà.

Ṣùgbọ́n mi ò fi èyí kọ́ ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ẹni tó gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó mọ̀ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́, olè ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àdéhùn mọ́. Bákan náà ni sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn. Láti 1977 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sì sí owó ìtanràn tó lè dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ sọ̀wédowó fún oníyanrìn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé onílé máa sanwó kó tó di ọjọ́ Ajé. Ẹ má dán an wò.

Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń wá gba owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sáyè. Ní Èkó, òfin ti wà láti 2016 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí jàǹdùkú fi ipá dí iṣẹ́ lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pé onílé ni yóò dáhùn ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

ẸNI TÓ WÀ LÓRÍ OPARUN

Ibi tó wúwo jù lọ́kàn mi la dé yìí. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó lè bá wa du ẹ̀tọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè bá wa dù ú ló kù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí a máa ń gbà ní oríta láràárọ̀, lébìrà ni. Mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oparun tó dúró lé ṣẹ́, ó jábọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, itan rẹ̀ sì kán. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ta ló ní kó gorí oparun tó ti gbó?” Èmi ni mo ra oparun náà. Mo ta mọ́tò mi kí ilé ìwòsàn tó tú u sílẹ̀. Ó ń fi igi rìn títí dòní. Ìyàwó rẹ̀ wá sílé mi, kò bínú, kò ké. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni kí àwọn máa jẹ.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé òfin ti dáhùn ìbéèrè náà. Láti 2010 ni Òfin Owó Ìrànwọ́ fún Òṣìṣẹ́ ti wà. Ó ní kí ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún òṣìṣẹ́ sínú àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí owó òṣìṣẹ́ yín lóṣù bá jẹ́ ₦600,000, ₦6,000 ni ẹ máa san. Ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àpò yẹn ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí ó bá kú, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa san fún wọn lóṣooṣù. Ẹ má sì sọ pé lébìrà ojúmọ́ ni. Òfin náà dárúkọ ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu la fi gbà wọ́n. Ọjọ́ méje ni agbaṣẹ́ṣe ní láti fi ìjàǹbá tó àjọ náà létí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ ní láti sọ fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹ̀yin ìyàwó àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó wà níbí, ẹ fi ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn sọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹkún bá tán.

Nítorí náà, ẹ ní ìwé kan lójú iṣẹ́. Lárààárọ̀, kí orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé wà nínú rẹ̀, orúkọ bàbá, nọ́ńbà fóònù ilé, iṣẹ́ tó wá ṣe, iye tí ẹ gbà á. Bí ẹ bá pín iṣẹ́ fún bíríkìlà míràn, ẹ kọ ẹni tó ni òṣìṣẹ́ náà láàárín yín. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ yín, Òfin Òṣìṣẹ́ ní kí ẹ fún un ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, kó tó pé oṣù mẹ́ta.

Kí ẹ sì san owó wọn. Deutarónómì orí 24 ní kí a san owó alágbàṣe lọ́jọ́ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Òfin Nàìjíríà náà ní owó ẹni tí a gbà lójúmọ́ ti pé nígbà tí ojúmọ́ bá parí. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ pé “nígbà tí onílé bá san tèmi, màá san tìrẹ” kò sí nínú òfin, kò sì sí nínú Bíbélì. Àdéhùn èmi àti onílé kò kan lébìrà. Jákọ́bù orí 5 sọ pé owó tí a dá dúró lọ́wọ́ àwọn tó kórè oko ń ké, igbe náà sì dé etí Olúwa. Mo ti wà lára àwọn tí igbe yẹn ń pe orúkọ wọn, mo sì ń san ìdámẹ́wàá mi déédéé lákòókò kan náà.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé náà ńkọ́? Ní Èkó, àjọ LASPPPA ló ń fún ni, LASBCA ló sì ń wá wo iṣẹ́ bó ṣe ń gòkè. Ẹ bá onílé béèrè ìwé náà kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé àjà méjì, tí onílé ní kí ẹ fi ìkẹta kún un, ẹ kúrò níbẹ̀. Deutarónómì 22:8 ní kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jábọ́ má bàa wá sórí ilé náà. Òfin ìkọ́lé nìyẹn, ó pẹ́ ju ti ìjọba lọ. Ẹ rántí Ìkòtún. Ní 12 Sẹ́tẹ́ńbà 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó lulẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn 116 kú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn láti Gúúsù Áfíríkà. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe ṣètò ilé náà ló fà á, àti pé kò ní ìwé àṣẹ. Wọ́n kó àwọn ẹnjiníà tó ṣe é lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ rántí Úyò náà, ní 10 Disẹ́ńbà 2016, nígbà tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí já lé ìjọ lórí, lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi olórí wọn jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ Olúwa tí à ń kánjú parí nítorí ọjọ́ ayẹyẹ, ọ̀pá irin kò mọ ayẹyẹ.

BÍ ÌJÀ BÁ DÉ

Ẹ ó ní Pọ́ọ̀lù sọ nínú 1 Kọ́ríńtì 6 pé kí ará má gbé ará lọ sí ilé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ẹsẹ̀ 8, níbi tó ti bá àwọn tó ń rẹ́ ará wọn jẹ wí. Ó tún béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tó lè ṣèdájọ́. Ẹ wá ọlọ́gbọ́n náà ṣáájú ìjà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé ìjọ kò rí i ṣe, ìjọba Èkó ní ilé ìlàjà fún àwọn ará ìlú láti 1999, ọ̀fẹ́ ni. Èmi àti alàgbà parí tiwa níwájú pásítọ̀ àgbà, a ka bulọ́ọ̀kù yàrá ẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a pín àdánù sí méjì. Ó gbà á lọ́dún kan sí i kó tó kó wọlé. Ó kí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, tí gbèsè náà sì dájú, Èkó dá ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré sílẹ̀ ní 2018. ₦5 mílíọ̀nù ni òkè owó tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un nígbà náà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì ní kí ẹjọ́ máa gbà, ènìyàn sì lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó náà. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ẹjọ́ kò ní gbọ́ yín mọ́.

Mo ti mú ìwé àdéhùn tí mo ń lò báyìí wá, ojú ìwé méjì péré ni, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Lọ́yà ìjọ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ láìsí ìwé, kó dúró dè mí lẹ́yìn àdúrà ìparí, ká jọ kọ tirẹ̀ lónìí.